Àpótí Olórí Ẹbí: Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé àti Ìran Ìdílé Onílẹ̀ ní Etí Odò Ọ̀tìn

Ìdílé onílẹ̀ tó bá ti pẹ́ ní Ìkìrun, Inísà, Òkukù tàbí Èkó-Ende kì í ṣe aláìníwèé. Àpótí kan máa ń wà lọ́dọ̀ olórí ẹbí, tàbí lọ́dọ̀ ọmọ tó kàwé jù nínú ilé. Ó lè jẹ́ àpótí onírin, ó lè jẹ́ agolo bísíkíìtì, ó sì lè jẹ́ àpò ìrẹsì lásán tí wọ́n gbé sókè àjà. Ẹ bá tú u, ẹ ó bá rìsíìtì owó orí níbẹ̀, ìwé ìṣákọ́lẹ̀, ìwé àdéhùn tí wọ́n tẹ̀ka sí, ìdájọ́ kóòtù ìbílẹ̀, àwòrán ilẹ̀ tí sọ̀fíyọ̀ yà, ìwé ìpàdé ẹbí, àti ètò ìsìnkú bàbá tó ti kú tipẹ́. Nínú ilé kan náà, àwọn ìyá wà tí wọ́n lè ki ìdílé náà láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn àgbà sì wà tí ìtàn kò tán lẹ́nu wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kọ ìran ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ sábà máa ń ya sí apá kan. Àwọn kan á di àpótí mú, wọ́n á ní ohun tí kò bá sí nínú ìwé kò ṣẹlẹ̀. Àwọn kan á di ẹnu àgbà mú, wọ́n á ní òyìnbó ló gbé ìwé dé, pé kí ni ìwé mọ̀. N kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ máa gbé dání lọ bá ìwé àti àgbà bákan náà: kí ló fa kíkọ rẹ̀, kí ló fa sísọ rẹ̀? Kò sí ìwé kan nínú àpótí yẹn tí wọ́n kọ nítorí kí ẹ lè mọ baba ńlá yín. Owó ló fa òmíràn, ìjà ló fa òmíràn, oyè ló fa òmíràn. Bí ẹ bá ti mọ ohun tó fà á, ẹ ó mọ ibi tó ti ṣeé gbà gbọ́ àti ibi tí wọ́n ti lè bu iyọ̀ sí i.

Ká tó dé ìdí àpótí, ẹ jẹ́ ká mọ ilẹ̀ tí a dúró lé. Odò Ọ̀tìn ló so àwọn ìlú wọ̀nyí pọ̀. Òun ni wọ́n fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn lórúkọ, èyí tí Òkukù jẹ́ olú fún, tí Inísà sì wà nínú rẹ̀. Òun náà ni wọ́n sé ní Èkó-Ende, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn tí olú rẹ̀ wà ní Ìkìrun, kí omi ẹ̀rọ lè dé àwọn ìlú tó yí i ká. Ilẹ̀ tí ogun ti fọ́n ènìyàn ká lórí rẹ̀ ni. Àwọn ará Òkukù gbà pé Aramọkọ ní Èkìtì ni orírun àwọn ọba wọn, pé Kọ́ọ̀kin ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, pé ogun Ìjẹ̀ṣà ló tú Kọ́ọ̀kin kí Òkukù tó di ìlú. Nígbà tó di 1878, Ìbàdàn bá Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jagun lẹ́bàá Ìkìrun, ogun tí a ń pè ní Jálumi. Gbogbo Òkukù kó lọ forí pamọ́ sí Ìkìrun lọ́dún náà, wọn ò sì padà sílé títí di 1893 tí àwọn ọmọ ogun Kírìjì, ogun tó tẹ̀ lé Jálumi, tú ká.

Ẹ ro ohun tí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn lè ṣe sí ìtàn ìdílé. Wọ́n bí àwọn ọmọ kan sí Ìkìrun tí wọn ò mọ oko baba wọn rí. Àwọn àgbà tó mọ ibi tí peregún ààlà wà kú sí ibi ààbò. Igbó tún bo ilẹ̀ tí wọ́n ti ro. Nítorí náà, bí bàbá kan bá sọ fún yín pé láti ìwáṣẹ̀ ni àwọn ti wà lórí ilẹ̀ kan, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kàn fi sùúrù bi í pé: “Bàbá, ṣáájú kí ẹ tó lọ Ìkìrun ni, àbí lẹ́yìn tí ẹ dé?” Ìbéèrè kékeré yìí máa ń ṣí ìtàn tí ẹ ò ní rí bí ẹ bá béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ bàbá. Àgbà tí kò mọ ọdún 1878 mọ ìgbà Jálumi dáadáa. Ojú irin tó gba Òṣogbo, Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá náà jẹ́ àmì àkókò tó dára. Ṣé wọ́n ti bí i kí ọkọ̀ ojú irin tó dé? Ṣé baba rẹ̀ wà lára àwọn tó bá wọn la ọ̀nà? Ẹ máa fi irú àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan ìtàn mọ́lẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, oríkì ló le jù fún akẹ́kọ̀ọ́, òun náà ló sì lérè jù. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ní Òkukù láàárín 1974 sí 1977, ó sì kọ ìwé ńlá kan tó jáde ní 1991, I Could Speak Until Tomorrow, lórí oríkì àti àwọn obìnrin tó ń kì í. Ọ̀kan nínú ohun tí ìwé yẹn fi yé wa ni pé oríkì kì í to baba lé ọmọ lórí. Ìyá tó ń kì lè ti orí baba ńlá bọ́ sórí ọmọ ọmọ, kó padà sórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó tún fi oríkì ẹlòmíràn là á láàárín. Ohun tó fa oríkì ni pé kí orí ẹni tí a ń kì wú. Ẹni tó bá wá fi oríkì ya igi ìran láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, ó ti fi iṣẹ́ tí kì í ṣe ti oríkì rán an.

Síbẹ̀, oríkì ní ohun tí ìwé kankan kò ní. Oríkì orílẹ̀ ń sọ ibi tí ìran kan ti ṣẹ̀ wá kó tó dé ìlú tó wà lónìí: ìran Ìkòyí tí ogun jẹ́ iṣẹ́ wọn, ìran Ọ̀fà tí a mọ̀ mọ́ ìjàkadì, àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Nínú agboolé kan ṣoṣo ní Òkukù, ẹ lè bá orílẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta pàdé. Orúkọ ilé kan ni wọ́n ń jẹ́, ẹnu ọ̀nà kan ni wọ́n ń gbà wọlé, wọ́n sì ń pe ara wọn ní ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ki òkú wọn, ọ̀nà á pínyà. Ẹnìkan wá ṣe àlejò nígbà ogun, ẹnìkan bá àna rẹ̀ wá, ẹnìkan tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì di ara ilé. Kò sí ìwé ilẹ̀ tó máa sọ èyí fún yín, nítorí ìwé ilẹ̀ fẹ́ kí ilé jẹ́ ọ̀kan ni. Ẹ lọ bá àwọn ìyàwó ilé, pàápàá àwọn tó ti pẹ́ nínú ilé ọkọ. Ilé onílé ni wọ́n ti wá, wọ́n sì fi etí kọ́ oríkì ìdílé ọkọ wọn lẹ́sẹẹsẹ títí ó fi di tiwọn. Ẹ gbọ́ oríkì ojúlé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí olórí ilé jókòó tì yín nígbà náà. Ó máa ń tún ọ̀rọ̀ ṣe.

Orúkọ náà jẹ́ ẹ̀rí. Láàárín àwọn ọba Òkukù, Oyèkànbí, Oyèéwùsì, Oyèkúnlé àti Oyèbọ̀dé jẹ́ orúkọ tó ń fi ìdí oyè hàn kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ọba Moses Oyinlọlá, tó jọba láti 1934 sí 1960, ni baba Ọlágúnsóyè Oyinlọlá tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn èwe tí kò mọ nǹkan kan nípa Kọ́ọ̀kin sì mọ orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé bí a ṣe ń lò ó lónìí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé ìwé, tíṣà béèrè orúkọ baba. Ọmọ àkọ́kọ́ mú orúkọ baba rẹ̀, èkejì mú ti baba baba rẹ̀, ẹ̀kẹta sì mú orúkọ oyè tí wọ́n ń jẹ nínú ilé. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ́ títí dòní. Ẹni kan náà tún lè jẹ́ Súlè lórí rìsíìtì owó orí, kó jẹ́ Sulaimani nínú ìwé mọ́ṣáláṣí, kó sì jẹ́ Adéyẹmí nínú ìwé àdéhùn ilẹ̀. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tí ẹnìkan ń jẹ́ sójú kan, pẹ̀lú oríkì àbísọ rẹ̀ àti ìnagijẹ rẹ̀. Èmi gba ìnagijẹ gbọ́ ju orúkọ ìwé lọ nínú iṣẹ́ yìí, torí ẹni tí wọ́n fún ní ìnagijẹ nìkan ló ń jẹ́ ẹ.

Ẹ ṣọ́ra fún ọmọ àti baba pẹ̀lú. Ẹni tí àgbà pè ní ọmọ baba ńlá kan lè jẹ́ ìran kẹrin sí i. Opó ṣíṣú náà wà níbẹ̀: ọkùnrin kú, àbúrò rẹ̀ ṣú ìyàwó rẹ̀ lópó, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Ta ni baba ọmọ yẹn nígbà tí a bá ń pín ilẹ̀? Ìdáhùn ilé kan lè yàtọ̀ sí ti ilé kejì. Ẹ kọ ìyá sílẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ má kọ baba nìkan.

Ẹ lè fi ìṣirò dán ìtàn wò. Ká ní ilé kan sọ pé ẹni tó dá àwọn sílẹ̀ ti jẹ́ àgbà nígbà Jálumi, tí ìran tí wọ́n kà fún yín láti orí rẹ̀ dé orí ọmọ ọwọ́ tó wà nílé lónìí sì jẹ́ mẹ́ta péré. Láti 1878 dòní ti lé ní ogóje ọdún. Bí a bá ka nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀n fún ìran kan, ìran márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé baba ńlá náà bímọ nígbà tó ti darúgbó, torí olóbìnrin púpọ̀ lè bímọ ní àádọ́rin ọdún. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan ti bọ́ sọnù láàárín: ọmọ tí kò ní ọmọ, tàbí ẹni tó ṣe ohun tí ilé ò fẹ́ rántí. Ìṣirò kò ní sọ èyí tó jẹ́ òótọ́, ó kàn ń sọ ibi tó yẹ kí ẹ tún bi ìbéèrè.

Ó tó àkókò ká ṣí àpótí. Rìsíìtì owó orí ni yóò pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 1918 ni ìjọba òyìnbó fi owó orí lélẹ̀ káàkiri agbègbè Ọ̀yọ́ tí àwọn ìlú wọ̀nyí wà nínú rẹ̀ nígbà náà, àwọn bàbá sì kọ́ láti máa tọ́jú rìsíìtì bí ẹni ń tọ́jú wúrà, torí ẹni tí kò bá rí i fi hàn yóò rí wàhálà. Rìsíìtì ń sọ ẹni tó wà láyé lọ́dún kan, ilé tó wà àti ìlú tí wọ́n ti kà á. Kì í sọ ju ìyẹn lọ. Ẹ tò ó lọ́dọọdún: ọdún tí orúkọ ọmọkùnrin kan kọ́kọ́ jáde ni ìgbà tí wọ́n kà á sí géńdé, ọdún tí rìsíìtì bàbá kan dáwọ́ dúró sì lè fi ọjọ́ ogbó tàbí ikú rẹ̀ hàn.

Ìwé ìṣákọ́lẹ̀ ni èmi fẹ́ràn jù. Ìwé àkọsílẹ̀ lásán ni, tí akọ̀wé ẹbí fi ń kọ orúkọ àwọn àgbàro tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹbí, ohun tí wọ́n mú wá lọ́dún, bóyá ẹ̀pà, iṣu, epo tàbí owó, àti ibi tí oko wọn wà. Wọn ò kọ ọ́ láti fi bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí náà ó sábà máa ń ṣeé gbọ́kàn lé. Ó ń dárúkọ odò, òkè, àbà àti ọ̀nà tí orúkọ wọn ti kú lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ẹ wo ẹni tó gba owó náà lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ tó ń gbà á bá kúrò ní ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, ẹ mọ̀ pé olórí ẹbí ti yí padà, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún yín.

Ìwé àdéhùn, tí ẹbí fi ta ilẹ̀ tàbí tí wọ́n fi yáni, ní ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ń fò. Gbogbo ènìyàn ń ka ìwọ̀n ilẹ̀ àti iye owó. Ẹ tètè lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí wọ́n tẹ̀ka sí. Lábẹ́ òfin àti àṣà, olórí ẹbí kò lè dá tà nítorí pé ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Àwọn àgbà láti ojúlé kọ̀ọ̀kan ní láti fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ìtẹ̀ka méje tó wà nísàlẹ̀ ìwé kan ní 1952 jẹ́ ẹ̀ka ìdílé náà bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fi wé ìwé 1970. Bí méje bá di márùn-ún, ta ló lọ? Ṣé ẹ̀ka kan ti run ni, àbí wọ́n ti yà wọ́n sẹ́yìn?

Ìdí igi wà lára ohun tó ń mú ìwé àti ẹnu takora. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ni ìdí kan, a sì ń pín ogún baba ní iye ìdí. Àwọn kan ń pín in ní orí-ò-jorí, iye ọmọ. Ẹjọ́ tó fìdí èyí múlẹ̀ jù ni ti Danmole àti Dawodu, tó ti Èkó dé Privy Council, ilé ẹjọ́ àṣekágbá nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Ọkùnrin tó kú fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, kóòtù sì ní ìdí igi ni àṣà Yorùbá, pé orí-ò-jorí ṣì wà fún ìgbà tí olórí ẹbí bá rí i pé òun ló máa mú àlàáfíà wá. Kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ nínú èyí? Ó kàn án gidi. Bí ìyàwó kan kò bá bímọ, tàbí tó bí obìnrin nìkan, ìwé tó jáde lẹ́yìn náà lè má dárúkọ rẹ̀ rárá. Ní ti àwọn ọmọbìnrin, ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé àṣà kò kà wọ́n sí. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó ní 1908, kóòtù gbà pé ọmọbìnrin tó jẹ́ àgbà lè ṣe olórí ẹbí. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n gbé ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan fọ́kọ. Ìtàn tí wọ́n ti gbàgbé nínú ilé baba lè wà lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìlú ọkọ.

Ìwé kóòtù ló wúwo jù lójú ènìyàn, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fura sí jù. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹjọ́ dára gan-an, ó lè ní orúkọ baba ńlá mẹ́fà nínú. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ ló fà á, ẹni tó ń jẹ́rìí sì mọ ohun tó ń wá. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba lórí ilẹ̀ kan ní Warri, ní 1976, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí a lè fi fi hàn pé ilẹ̀ jẹ́ tẹni: ìtàn ìwáṣẹ̀, ìwé tó péye, lílo ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, gbígbé orí rẹ̀ pẹ́, àti níní ilẹ̀ tó sún mọ́ ọn. Ẹ rí i pé ìtàn ẹnu ló ṣíwájú, tí ìwé sì jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn. Bí ìtàn méjì bá wá takora ńkọ́? Privy Council dáhùn ní 1957 nínú ẹjọ́ Kojo II àti Bonsie, tó wá láti ilẹ̀ Gánà. Wọ́n ní kí adájọ́ má kàn wo ojú ẹlẹ́rìí, torí ẹni tó ń sọ ohun tí baba rẹ̀ sọ fún un lè máa sọ òótọ́ ọkàn rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà sì máà jẹ́ òótọ́. Kí ó fi ìtàn méjèèjì wé ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí tí kò ní iyàn nínú, kó wo èyí tó bá a mu. Mi ò tíì rí òfin kan tó wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ ìran tó bẹ́ẹ̀. Bí ojúlé méjì bá ń jà lórí ta ni ẹ̀gbọ́n, ẹ padà síbi ìwé ìṣákọ́lẹ̀: ta ló ń gba owó ní 1950, tí ẹnikẹ́ni ò sì bá a jà?

Ìwé oyè ní tirẹ̀ ní ewu tó yàtọ̀. Láti ìgbà tí Òfin Àwọn Olóyè ti jáde ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní 1957, ìjọba ń kọ ìkéde sílẹ̀ fún oyè kọ̀ọ̀kan: iye ìdílé tó ń jọba, bí wọ́n ṣe ń yí i ká, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́, àti àwọn afọbajẹ. Ní Ìkìrun, ìdílé mẹ́ta ló ń jẹ Akìrun, ọba ìlú náà: Ọbaárà, Gbọ́lẹ̀rú àti Adédèjì. Lẹ́yìn tí Akìrun wàjà ní 2021, ọ̀rọ̀ ipò náà di ti kóòtù. Irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ń sọ ìdílé tí ìjọba gbà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí kò ní akọ̀wé, tàbí tí kò ní owó láti lọ sí Ìbàdàn, lè jẹ́ ọmọ ọba tòótọ́ tí ìwé kò mọ̀. Ẹ kà á bí ìwé àdéhùn láàárín àwọn tó wà láyé nígbà náà.

Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kì í kà sí ni ètò ìsìnkú. Ìwé pẹlẹbẹ yẹn, tí wọ́n ń pín ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ní àwòrán, ọjọ́ ìbí, orúkọ àwọn ìyàwó, ọmọ, ọmọ ọmọ àti àwọn àna. Kàlẹ́ńdà ẹbí tó rọ̀ mọ́ ògiri pálọ̀ náà wúlò: ibi tí wọ́n gbé àwòrán kọ̀ọ̀kan sí ń sọ ẹni tí ilé kà sí àgbà lọ́dún yẹn. Àbùkù ètò ìsìnkú hàn gbangba. Òkú kì í burú nínú rẹ̀, ọdún ìbí sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ fi ojú díwọ̀n.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìwé ìdílé onílẹ̀ ṣe lè kún tó, kó dé ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san wà níbẹ̀. Ìdílé Apèrin ni, orúkọ tó ti sọ irú ọdẹ tí baba wọn jẹ́, wọ́n sì ní ilẹ̀ kòkó ní Aráròmí Apèrin tí àwọn àgbàro ń san ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí. Ọbísẹ̀san kàwé, ó sì di akọ̀wé ẹbí. Fún nǹkan bí ogójì ọdún ló fi ń kọ dáyárì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, títí ó fi di ẹni ńlá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kó tó kú ní 1963. Ẹni tó bá retí pé ọmọ onílẹ̀ yóò máa ṣògo ni dáyárì náà yóò yà lẹ́nu: gbèsè, ìjà àárín ẹbí lórí ilẹ̀, àti ìráhùn pé ìwé tí òun kà kò mú owó wá, ló kún ibẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú ìyẹn tí ẹ ó rí nínú ìwé àdéhùn tàbí nínú oríkì. Síbẹ̀ ọwọ́ kan ló kọ ọ́. Àwọn ìbátan tó ń bá jà kò kọ dáyárì tiwọn.

Níbi tí ẹ dé yìí, ẹ ó ti máa bẹ̀rù pé ikán lè ba àwọn ìwé náà jẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀ Obadiah ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ kó tó jáde ní 1921. Ìdílé yín kò ní Obadiah. Ẹ fi fóònù ya ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìta níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, iwájú àti ẹ̀yìn, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba tó wà lórí rẹ̀. Ẹ kó ẹ̀dà sí ibi mẹ́ta. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi rọ́bà bò ó pa ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwé àtijọ́ tí wọ́n bò bẹ́ẹ̀ kì í ṣeé tú mọ́. Ẹ má sì kó ògidì ìwé kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ láìnídìí. Òfin ẹ̀rí ní Nàìjíríà máa ń fi ojú rere wo ìwé tó ti lé ní ogún ọdún tó bá ti ibi tó yẹ kó wà jáde, ìwé tí ọmọ Èkó bá sì ti kó sínú báàgì rẹ̀ ti kúrò ní ibi tó yẹ.

Ohun kan wà tí ẹ kò ní fi sínú ìwé tí ẹ máa pín. Nínú àpótí tàbí lẹ́nu àgbà, ẹ ó bá ìdílé kan pàdé tí ìyá wọn wá gẹ́gẹ́ bí ẹrú ogun, tàbí tí baba wọn jẹ́ ìwọ̀fà. Wọ́n ti di ọmọ ilé láti ìgbà pípẹ́, wọ́n ń jẹ oyè, wọ́n ń pín nínú ilẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tiyín bí ẹ bá fẹ́, ẹ tì í pa. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ jáde níbi ìpàdé ẹbí ti gbé ẹjọ́ dìde tí ọmọ rẹ̀ yóò bá pàdé ní kóòtù.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ìran ìdílé yín sílẹ̀, ẹ má ṣe yan ìtàn kan kí ẹ pa èkejì. Bí ojúlé méjì bá sọ ọ̀nà méjì, ẹ kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pẹ̀lú ẹni tó sọ ọ́, ọjọ́ tó sọ ọ́, àti ohun tí ìwé inú àpótí sọ nípa rẹ̀. Ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ lófìfo lẹ́yìn orúkọ ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ẹ̀dà lọ fún àgbà tó kù nínú ìdí náà, ọkùnrin tàbí obìnrin, kí ẹnìkan kà á sí i létí, kí ẹ sì kọ ohun tó bá fi kún un tàbí tó yọ kúrò síbẹ̀ lójú rẹ̀.